Ọ̀nà tí Àyọ̀ká Gbá

Ẹ̀rù wọ Òkè-Àmọ̀ lọ́dún tí ogun Ajẹ́lẹ̀ jó Ìpólé. Ìpólé ni wọ́n kọ́kọ́ yarí pé àwọn kò ní fi ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ipá mọ́, ni mọ́tò onírin bá ya wọ ìlú wọn, ìbọn ń dún lórí wọn. Kò ku nǹkan kan níbẹ̀ ju eérú lọ. Òkè-Àmọ̀ náà ti yarí bákan náà, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn ló kàn.

Ọ̀nà méjì ló wọ ìlú wa. Ọ̀nà Òkè gba orí àpáta, ó le tòjò tẹ̀ẹ̀rùn. Ọ̀nà Àkúrọ̀ a máa le bí àwo lẹ́ẹ̀rùn, ṣùgbọ́n bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó lè gbé màlúù mì. Ọdẹ́jìnmí, akin ọkùnrin, arìngbó-má-ṣìnà, ni olórí àwọn tó ń ro ọ̀nà ìlú lọ́dọọdún. Ó ní kí wọ́n gbin igi dí ẹnu Ọ̀nà Òkè, kí wọ́n sì ro Ọ̀nà Àkúrọ̀ kó mọ́ tónítóní.

Baálẹ̀ Látúnjí rẹ́rìn-ín kíkorò. "Ọdẹ́jìnmí, o fẹ́ gbálẹ̀ de ogun? O ò kúkú tẹ́ ẹní fún wọn, kí o bu omi fún wọn mu!"

"Baba, ẹṣin ń fo kòtò, mọ́tò kì í fò. Ilẹ̀ ló ń gbé e. Epo tó ń mu àti oúnjẹ àwọn ológun, ẹ̀yìn ni wọ́n ń kó o bọ̀. Bí ti iwájú bá rì, ti ẹ̀yìn ò ní rí ọ̀nà kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ wa jà."

"Ọ̀nà tí kò sí èèyàn, ọ̀tá á fura sí i."

"Abà mi wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi ni n ó dúró."

Àyọ̀ká, ìyàwó Ọdẹ́jìnmí, dá ọkọ rẹ̀ lóhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Ṣọ̀nàyà, ẹ̀yin tí ẹ ò mọ iná dá? Abà tí kò sí obìnrin, ta ni yóò gbà á gbọ́?"

Àwọn méjèèjì ló dúró. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, abẹ́ ilẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n Àyọ̀ká fọ́n yanrìn gbígbẹ sójú ọ̀nà, ó sì ń gbá a títí ó fi ń dán. Nígbà tí àwọn mọ́tò dé, ọ̀gá wọn rán ògbifọ̀ kó béèrè ọ̀nà Òkè-Àmọ̀. Ọdẹ́jìnmí na ìka sí Ọ̀nà Àkúrọ̀.

Ògbifọ̀ wo Àyọ̀ká. "Ìyàwó rẹ nìyẹn? Ọ̀gá ní kó wọ mọ́tò iwájú. Bí ọ̀nà bá burú, òun ni yóò kọ́kọ́ mọ̀."

Ìka Ọdẹ́jìnmí ṣì nà sí ọ̀nà. Bó bá sọ òótọ́, ìyàwó rẹ̀ yóò bọ́, ìlú yóò sì jóná. Àyọ̀ká so ìró rẹ̀ le. "Kí ló fẹ́ burú níbẹ̀? Èmi ni mo gbá a." Ó gun mọ́tò.

Àárín àkúrọ̀ ni mọ́tò iwájú ti rì. Àwọn tó tẹ̀ lé e kò lè yí padà, òjò ńlá sì dé. Epo àti oúnjẹ há sẹ́yìn, ẹ̀tù tutù. Ẹsẹ̀ ni àwọn ológun fi sá, ebi àti ibà sì pa púpọ̀ nínú wọn lọ́nà. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, a wá àkúrọ̀ náà káàkiri. Irin la rí. A kò rí Àyọ̀ká.

Wọ́n fi oyè lọ Ọdẹ́jìnmí, ó kọ̀ ọ́. Kò sì na ìka sí ọ̀nà fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ó fi kú. Bí àlejò bá béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, á dìde, á sìn ín débẹ̀. Ìdí nìyí tí ọmọ Òkè-Àmọ̀ kì í fi ọwọ́ júwe ọ̀nà títí dòní. Ibi tí àlejò ń lọ ìbáà jìn, òjò ìbáà máa rọ̀, iwájú rẹ̀ la máa ń rìn.