Kẹ̀kẹ́ Láníhùn

Télọ̀ ni Láníhùn, ìjókòó ló sì fi ń jẹun. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru dé, nọ́ọ̀sì ní kó máa gun kẹ̀kẹ́ láràárọ̀ títí yóò fi làágùn.

Ojú títì ààfin ló ń gbà, níbi tí àwọn àgbà ìlú ń jókòó sí níta. Ta ni yóò wà lórí kẹ̀kẹ́ kí àgbà? Bó bá sọ̀ kalẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá kan, tó tún gùn ún, ìyá arúgbó mìíràn ti ń wò ó níwájú. Eruku ló ń gbé bọ̀ wálé láyà, òógùn ò sí lójú.

"Màá ta kẹ̀kẹ́ yìí," ló sọ.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Bàbá Kíkẹ́lọmọ, ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà oko kòkó tí mò ń gbà lọ sódò ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, ó gba ibẹ̀. Kò séèyàn kankan. Kẹ̀kẹ́ ń sáré, inú rẹ̀ ń dùn, àfi bó ṣe rí Àwẹ̀ró tó ń fẹsẹ̀ rìn bọ̀ láti odò, tó ru aṣọ tútù. Ó sọ̀ kalẹ̀.

"Kí lẹ sọ̀ kalẹ̀ fún? Èmi kì í ṣe àgbà yín o!"

Ó gba ẹrù lórí rẹ̀, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ó yí orí kẹ̀kẹ́ padà sílé.

"Gígùn ni nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ máa gùn ún!"

"Òógùn ni nọ́ọ̀sì ń wá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà."

Wọ́n jọ ti kẹ̀kẹ́ gun òkè. Kí wọ́n tó délé, ẹ̀wù Láníhùn ti tutù ju aṣọ tí Àwẹ̀ró fọ̀ lọ.