Ajá Tó Ń Kí Àgbà Láìfọnu

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé eyín Ajá. Ajá ló ń ṣọ́ abúlé, ṣùgbọ́n kì í fọnu kó tó kí àgbà. Ó kí Ewúrẹ́, Ewúrẹ́ dímú. Ó kí Àgbò, Àgbò sá. Lọ́jọ́ kẹta, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jí adìyẹ gbé. Ajá bu ìrù Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jẹ, eyín yọ sínú ìrù, olè rẹ́rìn-ín lọ.

Ṣubúọlá, má rẹ́rìn-ín. Ṣé ìwọ fọnu láàárọ̀?

Ọ̀kẹ́rẹ́ yẹ ẹnu Ajá wò. “Ẹ̀gbọ́n, èérí ti le bí òkúta léyín yín, ìdí eyín ń ṣẹ̀jẹ̀.” Ó ha á kúrò, ó fún un ní pákò. Ẹ gbè é:

Ajá, fọnu!
Kóo tó kí wa!

Bí ajá bá gbé igi há ẹnu tí kò gbó yín, ẹ má bínú. Ó ṣì ń fọnu ni. Ó ń bọ̀ wá kí yín.