Abídogun àti Orí Abẹ́ Fìlà

Ní ìlú Aráròmí-Òkè, bí ọmọ tuntun bá dáyé, bí opó bá jáde ọ̀fọ̀, Abídogun onígbàjámọ̀ ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí. Ọwọ́ rẹ̀ dá múṣémúṣé, ẹnu rẹ̀ náà kò sì gbẹ́yìn. Ó ní kò sí irú orí tí òun kò mọ̀, pé kí olórí ṣáà jókòó kó panu mọ́.

Nígbà tí Baálẹ̀ ìlú náà papò dà, oyè kan Akínbọ̀dé, àgbà ọdẹ. Wọ́n gbọ́dọ̀ fá orí rẹ̀ kó tó jẹ ẹ́, èèwọ̀ kan sì wà níbẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá yọ pẹ́nrẹ́n, oyè ti bọ́ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀ títí láé nìyẹn.

Abídogun kò tilẹ̀ mikàn. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ rọ abẹ tó fẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ fún òun, èyí tí yóò gbá orí mọ́ kíákíá, kí Akínbọ̀dé má baà jókòó pẹ́. Ó lẹ irun àgùntàn mọ́ igbá, ó fi abẹ náà fá a, igbá dán gbinrin. Gbogbo ẹni tó rí i ló ń kan sáárá sí i.

Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé, “Baálé mi, ṣé ẹ ti lọ wo orí bàbá náà? Wọ́n ní kì í ṣí fìlà.”

“A jẹ́ pé ó ń tọ́jú rẹ̀ dè mí nìyẹn,” ni Abídogun wí.

Ọjọ́ pé, ìlú pé jọ. Akínbọ̀dé jókòó lórí ẹní, ó ṣí fìlà.

Ẹkùn ti fa orí náà ya rí láti iwájú dé ìpàkọ́. Ojú àpá kan wú, òmíràn jin, irun sì hù yí wọn ká. Ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀, ó ní, “Èmi ni bàbá yìí gbà lẹ́nu ẹkùn ọ̀hún nígbà tí mo wà lọ́mọge. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.”

Abídogun gbé abẹ fífẹ̀ sókè, kò ríbi gbé e lé. Ìdílé kejì tó ń du oyè ti ń na ọrùn wo bí ẹ̀jẹ̀ yóò ṣe yọ. Ó fi abẹ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Bàbá, ẹ forí jì mí. Orí igbá ni mo ti ń fá láti ọjọ́ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí yín mọ̀ mí.”

Akínbọ̀dé di ìka rẹ̀ mú, ó ń fi í rìn lórí àpá. “Ibí yìí kò dùn mí mọ́. Tọ̀hún yẹn, bí afẹ́fẹ́ bá kàn án, omi a máa yọ lójú mi. Ti ẹ̀yìn etí yìí, òkè ni kí o ti gbà á.”

Àánú ọkùnrin náà ṣe Abídogun, ẹ̀rù rẹ̀ sì bà á. Ó ní kí alágbẹ̀dẹ gé abẹ náà kù bí ìka ọmọdé, kó sì pọ́n ọn. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í fá a. Bó bá ti dé ojú àpá kan, yóò dúró, yóò béèrè, olórí yóò sì dá a lóhùn.

Nígbà tó parí, Àwẹ̀ró fi aṣọ funfun nu orí náà, ó sì nà án sókè. Aṣọ funfun nini. Tọmọdé tàgbà wólẹ̀ fún Akínbọ̀dé, ìdílé kejì náà wólẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé, a kì í fá orí lẹ́yìn olórí.