Ẹni Tó De Òpó Ni Yóò Tú U

Alága, ọkùnrin kan wà létí odò ńlá kan ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, nígbà tí orílẹ̀-èdè náà ṣì kéré, tí àwọn tó jà fún òmìnira rẹ̀ kò tíì kú tán. Alágbẹ̀dẹ ni ọkùnrin náà, aláwọ̀ dúdú bíi tèmi tìrẹ ni. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gá rẹ̀ ń kú lọ, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé kí wọ́n dá a sílẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó mọ irin lù tó o ní gbogbo agbègbè yẹn.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ó bí ọmọbìnrin kan, Dáínà lorúkọ rẹ̀, Dáínà sì wà lóko ẹrú lódìkejì odò. Òfin ibẹ̀ ni pé ọmọ ẹrúbìnrin, ẹrú ni, ẹni yòówù kó jẹ́ bàbá rẹ̀. Olóko òwú kan ló ni ìyá ọmọ náà títí ìyá náà fi kú, òun náà ló wá ni Dáínà. Ní ọjọ́ Ìsinmi, bàbá a máa dúró sí bèbè tirẹ̀, ọmọ a máa dúró sí bèbè tirẹ̀, wọn a máa juwọ́ sí ara wọn. Ọdún mẹ́tàdínlógún ni wọ́n fi juwọ́.

Odò náà ló pín ìlú wọn sí méjì. Bèbè àríwá ni iléeṣẹ́ tó ń hun aṣọ wà. Bèbè gúúsù ni oko òwú wà. Àwọn ará bèbè méjèèjì kò sì fẹ́ràn ara wọn. Ti àríwá a ní ọ̀lẹ tó ń jẹun lọ́wọ́ ẹrú ni ti gúúsù, ti gúúsù a ní ahun tó lè ta ìyá rẹ̀ ni ti àríwá. Tí o bá gbọ́ èébú wọn, o ó rò pé ìlú wa níbí ni.

Àmọ́ ọdún kan dé tí ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan. Ìbò ààrẹ ni wọ́n fẹ́ dì. Tẹ́lẹ̀, àwọn tó nílẹ̀ tó nílé nìkan ló máa ń dìbò ní ìlú yẹn. Ní ọdún yìí, òfin ti yí padà. Gbogbo ọkùnrin òyìnbó ló lè dìbò, bí kò tiẹ̀ ní bàtà lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan sì jáde du ipò náà, ilé onípákó ni wọ́n bí i sí, ó ń sọ̀rọ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń sọ̀rọ̀. Inú àwọn mẹ̀kúnnù dùn débi pé wọ́n ń jó lójú títì. Wọ́n ní, "Tiwa ló dé yìí!" Ti alágbẹ̀dẹ kò sí níbẹ̀ o. Àwọ̀ rẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀.

Wọ́n ní àṣà kan nígbà ìbò. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan a lọ gé igi gígùn kan nínú igbó, wọn a bó o, wọn a gbé e nàró ní gbàgede, wọn a sì ta àsíá sí orí rẹ̀. Ẹgbẹ́ tí òpó rẹ̀ bá ga jù ni ẹnu rẹ̀ máa ń tólẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́rọ̀ ti gbé tiwọn nàró níwájú kọ́ọ̀tù, ó ga fíofío. Àwọn mẹ̀kúnnù búra pé tiwọn ni yóò ga jù. Àwọn ará gúúsù gé igi kan, kò tó. Àwọn ará àríwá gé òmíràn, òun náà kò tó.

Ni oníléeṣẹ́ aṣọ, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ní bèbè àríwá, àti olóko òwú, tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ní bèbè gúúsù, bá jọ gba ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ lọ. Èrò rẹpẹtẹ tẹ̀ lé wọn.

Olóko òwú ní, "Alágbẹ̀dẹ, ṣé o lè so igi méjì di ọ̀kan?"

Ó ní, "Mo lè so ó, ọ̀gá mi. Dáínà ọmọ mi ńkọ́?"

Olóko òwú rẹ́rìn-ín. Ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e sókè, ó ní, "Lọ́jọ́ tí òpó wa bá ga ju tiwọn, tí ọkùnrin wa bá sì wọlé, màá fọwọ́ sí ìwé òmìnira ọmọ rẹ. Gbogbo yín lẹ jẹ́rìí!"

Èrò hó yèè.

Alágbẹ̀dẹ fín ẹnu igi méjèèjì títí wọ́n fi jókòó sínú ara wọn. Ó rọ òrùka irin mẹ́ta. Ó fi wọ́n sínú iná títí wọ́n fi pọ́n, ó tì wọ́n bọ ojú oríkèé igi náà, ó sì da omi tútù lé wọn lórí. Irin náà súnkì, ó di igi mú pinpin. Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ gbé e dìde, ogún ọkùnrin láti àríwá àti ogún láti gúúsù jọ fa okùn, wọ́n ń kọrin kan náà. Òpó náà fi ohun tó ju ìdúró ènìyàn kan lọ ga ju ti àwọn ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ìbò dé, ọkùnrin wọn wọlé.

Alágbẹ̀dẹ wẹ̀, ó wọ ẹ̀wù tó mọ́, ó gba ilé olóko òwú lọ. Ọkùnrin yẹn ń jẹ, ó ń mu.

Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ayọ̀ là ń sọ lónìí, o gbé ọ̀rọ̀ ẹrú dé. Padà wá lọ́dún tó ń bọ̀."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kò sí nílé. Lọ́dún kejì, ajá ni wọ́n tú sí i. Ẹni tó mọ inú rò ló mọ ọpẹ́ dá, ọkùnrin yìí kò sì mọ inú rò rárá.

Lọ́dún kejì yẹn ni òfin tuntun dé láti olú-ìlú. Òfin náà gbé owó bodè lé aṣọ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ó dùn mọ́ àwọn ará àríwá, nítorí aṣọ tiwọn ni yóò máa tà. Ó ká àwọn ará gúúsù lára, nítorí gbogbo ohun tí wọ́n ń rà ló gbówó lérí. Àwọn ará àríwá ní, "Ààrẹ wa ló ṣe é." Àwọn ará gúúsù ní, "Irọ́ ni, ààrẹ wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí wa." Ààrẹ kan náà ni o, Alága.

Olóko òwú gun orí àgbá kan, ó ń pariwo. "Olú-ìlú ti da àdéhùn! Òfin yẹn kò ní ṣiṣẹ́ ní bèbè tiwa! Igi wa tó wà lára òpó yẹn, a ó mú un lọ!" Àwọn ará àríwá náà ní kó máa gbé igi rẹ̀ lọ, kó fi tiwọn sílẹ̀ fún wọn. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìbọn wọ ọkọ̀ odò. Olóko òwú sì sọ ọ́ gbangba pé bí ìjà bá bẹ̀rẹ̀, òun yóò kó gbogbo ẹrú òun lọ sí ọ̀nà jíjìn ní ìsàlẹ̀ gúúsù. Alágbẹ̀dẹ gbọ́. Níbẹ̀, kò ní rí ọwọ́ Dáínà mọ́ láéláé.

Wọ́n kọ́kọ́ mú alágbẹ̀dẹ mìíràn wá láti ìlú kejì. Ó gun àkàbà, ó kan irin náà gbọ́ngbọ́n, ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Òrùka kan ló fi há òmíràn mọ́. Bí mo bá kọ́kọ́ gé èyí tí kò yẹ, igi yín méjèèjì á là dé ìdí. Ẹni tó de òpó ni yóò tú u."

Ni wọ́n bá ránṣẹ́ pe bàbá Dáínà. Ó dé, kò mú òòlù lọ́wọ́. Èrò bèbè méjèèjì ti kún gbàgede.

Ó ní, "Ọ̀gá mi, mo gbọ́ pé olú-ìlú da àdéhùn."

Olóko òwú ní, "Bẹ́ẹ̀ ni! Àdéhùn tí ẹnì kan bá ti dà, kì í de ẹnìkejì mọ́."

Alágbẹ̀dẹ ní, "Ẹ ṣeun, ọ̀gá mi. Àdéhùn ni mo tìtorí rẹ̀ de òpó yìí. Ẹ mú tiyín ṣẹ, màá tú u báyìí-báyìí. Bí ẹ ò bá mú un ṣẹ, ẹ ti fẹnu ara yín dá ẹjọ́ náà."

Olóko òwú na ọ̀pá sókè láti gbá a. Ṣùgbọ́n obìnrin afọṣọ kan, òyìnbó tálákà láti bèbè gúúsù gan-an, jáde síwájú.

Ó ní, "Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ ọ. Fìlà lẹ bọ́, ẹ gbé e sókè báyìí." Ó sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i.

Atukọ̀ odò ní, "Èmi náà gbọ́."

Àwọn ará àríwá bẹ̀rẹ̀ sí í fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà yíjú sí oníléeṣẹ́ aṣọ, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ wà níbẹ̀. Láti ọdún méjì, ta lẹ sọ fún?"

Lẹ́yìn náà ni ariwo ta. "Fọwọ́ sí i! Fọwọ́ sí i!" Bèbè méjèèjì ló ń pa á pọ̀. Olóko òwú wo ọ̀tún, ó wo òsì. Òun ló kọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń pariwo, òun náà ni wọ́n wá ń pariwo lé lórí. Adájọ́ ti kọ́ọ̀tù sọ̀kalẹ̀ wá pẹ̀lú yíǹkì, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, nítorí ẹgbẹ́ ọlọ́rọ̀ ló wà. Olóko òwú fọwọ́ síwèé.

Atukọ̀ lọ gbé Dáínà wá. Kí ọkọ̀ tó gúnlẹ̀, bàbá rẹ̀ ti wọ inú omi dé orúnkún. Lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó juwọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ọwọ́ wọn kún. Ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Dáínà, ilé yá."

Síbẹ̀, ẹlẹ́nu kan ni alágbẹ̀dẹ. Ó padà lọ mú òòlù rẹ̀, ó dúró nídìí òpó.

Ó ní, "Mo ṣe tán. Ṣùgbọ́n ogójì ọkùnrin la fi gbé e dìde, ogójì ọkùnrin la ó fi gbé e sílẹ̀. Bí apá kan bá fa okùn ju apá kejì lọ, yóò wó lé yín lórí. Ẹ jọ fa á, ẹ kọ orin ọjọ́sí, kí ọwọ́ yín lè bá ara wọn mu."

Wọ́n di okùn mú. Ojú ń tì wọ́n. Ta ni yóò kọrin ọ̀rẹ́ kó tó lè bá ọ̀rẹ́ jà? Atukọ̀ ló kọ́kọ́ ju okùn sílẹ̀, ó ní òun ń lọ sílé. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Alágbẹ̀dẹ dúró de àwọn tó fẹ́ kó tú òpó títí oòrùn fi rẹlẹ̀, kò sí ẹni tó padà wá. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé, òpó sì wà lórí ìdúró.

Mi ò sọ fún ọ pé ìjà orílẹ̀-èdè náà parí níbẹ̀. Àwọn Dáínà mìíràn pọ̀ nílẹ̀ tí wọn kò dá sílẹ̀, nítorí wọn ni ogun ńlá ṣe jà ní orílẹ̀-èdè náà lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ní ìlú yẹn, lọ́dún yẹn, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n mú ṣẹ ló gba ìbọn kúrò lọ́wọ́ wọn.

Alága, ìwọ ni mo ń bá wí. Àwọn ará àdúgbò Òkè ń bá àwọn ará Ìsàlẹ̀ jà ní ìlú wa lórí ibi tí tiransifọ́mà yóò wà, o sì wá bá mi pé kí n bá ọ parí ìjà. Nígbà tí o ń du ipò, àwọn Ẹ̀gùn tó ń gbé létí odò ló ru gbogbo òpó iná wa láti ojú títì wọlé. O dúró lórí bẹ́ǹṣì ní gbàgede ilé ìwé tí mo ti kọ́ ọ, o ní iná yóò dé ọ̀dọ̀ wọn kí ọdún tó yí. Ọdún ti yí lẹ́ẹ̀mejì. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́. Fìlà lo bọ́, o gbé e sókè.

Dìde, lọ fa wáyà dé etí odò. Lẹ́yìn náà ni kí o wá bi mí nípa Òkè àti Ìsàlẹ̀.