Ìkúnlẹ̀ Àwẹ̀ró

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Mo fi eyín mẹ́ta tó kù lẹ́nu mi búra, àlọ́ yìí kò ní gùn.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ìkíni ṣì gùn ju ọ̀nà oko lọ, ìyàwó tuntun kan wà tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Láràárọ̀, kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, a kúnlẹ̀ kí ìyakọ rẹ̀. Ìyakọ náà a sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. A kì í dé orí baba, a kì í dé orí baba ńlá, a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ ìlú dó, a sinmi díẹ̀, a tún padà.

Bó bá wá ní, "Dìde, ìyàwó mi," Àwẹ̀ró a dìde fùú. Gbì! Ó dákú.

Ó dákú lọ́jọ́ Ajé. Ó dákú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.

— Bàbá, ṣé ó kú ni?

Bó bá kú, àlọ́ ta ni mo fẹ́ máa pa? Jókòó dáadáa.

Lọ́jọ́rú, wọ́n pe Òbúkọ oníṣègùn. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò tilẹ̀ wọlé.

"Wárápá ni," ló wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìyakọ figbe ta. Wọn kì í fẹ́ oníwárápá nílé náà. "Ẹ di ẹrù rẹ̀! Ọ̀la ló ń padà sílé bàbá rẹ̀."

Àwẹ̀ró sunkún. Ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Ó tilẹ̀ fẹ́ràn ìyakọ rẹ̀, èyí tó ya gbogbo àdúgbò lẹ́nu.

Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni Ìgbín oníṣègùn dé. Láti ọjọ́ Ajé ni wọ́n ti ránṣẹ́ pè é, ẹ̀yin náà ẹ mọ ìrìn rẹ̀.

"Ṣé ó ń gé ahọ́n jẹ?"

"Rárá."

"Ṣé ó ń yọ ìfófòó lẹ́nu? Ṣé ara rẹ̀ ń gbọ̀n?"

"Rárá o. Ó kàn ń ṣubú ni."

"Kí ló ń ṣe kó tó ṣubú?"

Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè rí.

"Èmi ló ń kí," ni ìyakọ wí. "Àṣà ilé wa ni."

"Ìyá, ṣé ẹ ti jẹun?"

"Láàárọ̀ kùtù yìí?"

"Ó dáa. Ẹ kúnlẹ̀ sípò rẹ̀. Àwẹ̀ró, kì wọ́n."

Oríkì náà ti há Àwẹ̀ró sórí. Ó kì í, kò fo ẹnì kan. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó tẹ ìlú dó, ó sinmi díẹ̀, ó tún padà.

"Ẹ dìde, ìyá mi."

Ìyá dìde fùú. Gbì!

— Háà! Àwọn náà dákú?

Pátápátá.

Nígbà tí wọ́n lajú, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu wọn ni, "Wárápá kọ́ o!"

"Èmi ò sọ pé òun ni," ni Ìgbín dáhùn. "Ẹ̀jẹ̀ dúró sí ẹsẹ̀, inú ṣófo, orí ò rí nǹkan gbà. Kó máa mu ẹ̀kọ kó tó wá kí yín, kó sì máa rọra dìde."

Wọ́n tú ẹrù Àwẹ̀ró.

Ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò le: bí ènìyàn bá ṣubú, ẹ béèrè ohun tó ń ṣe kó tó ṣubú, kí ẹ tó fún àrùn rẹ̀ lórúkọ.

Lónìí, ojú fèrèsé mọ́tò lẹ ti ń juwọ́ sí wa. Kò sẹ́ni tí ìkíni ń dá kú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ìyá tó bí mi bá lè dìde kì mí lẹ́ẹ̀kan sí i, màá dọ̀bálẹ̀ títí di ọ̀sán.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi gùn dé nìyí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ̀rọ̀ ìdọ̀bálẹ̀ yẹn fún ìyá àgbà yín o. Ohun tí mo sọ fún wọn ni pé ẹ̀yìn mi kò ṣe é tẹ̀ mọ́.