Ìkòkò Iná Níhinlọ́lá

Nígbà tí ẹja ò fi bẹ́ẹ̀ wọ àwọ̀n mọ́ nínú odò, tí èèyàn sì kún abúlé ní àkúnya, Máfimisẹ̀bí àti Níhinlọ́lá, ìyàwó rẹ̀, pinnu láti lọ tẹ̀dó sórí ilẹ̀ yanrìn kan létí òkun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé Ìkúẹ̀sàn, ọ̀rẹ́ Máfimisẹ̀bí, náà ti fojú sí ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn méjèèjì kì í sì í ṣe ohunkóhun láìbára wọn díje. Bí ọ̀kan bá sín, èkejì á fẹ́ sín jù ú lọ!

Àṣà àwọn apẹja nígbà náà ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dá iná sórí ilẹ̀ ló nilẹ̀. Kì í sì í ṣe iná kíná o. Inú ààrò ìyá ẹni ni wọ́n ti ń bù ú, wọn a sì fi ìkòkò gbé e kọjá omi láìjẹ́ kó kú. Ó ti sú Níhinlọ́lá láti máa tọrọ ibi tí yóò sá ẹja sí lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọkọ. Ilẹ̀ tirẹ̀ ló ń wá.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ọkọ̀ wọn àti ti Ìkúẹ̀sàn bọ́ sómi, ìkòkò iná wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níhinlọ́lá jókòó sáàárín ọkọ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì há ìkòkò iná mọ́ra. Wọ́n dé ojú òkun. Áà, òkun ń hó! Ìgbì ń gbé wọn sókè, ó ń sọ wọ́n sílẹ̀. Ìkúẹ̀sàn fi àjẹ̀ lu omi gbà-gbà-gbà, ó kọjá lára wọn.

"Ẹ óò bá mi lébùúté!" ló ń pariwo.

Inú bí Máfimisẹ̀bí. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi àjẹ̀ na òkun bí ẹni ń gúnyán. Omi ta sínú ìkòkò, iná dún ṣàà.

"Baálé mi, ta lẹ̀ ń bá jà?" Níhinlọ́lá fa ìborùn yọ, ó fi ṣíji bo ẹnu ìkòkò. "Òkun ò tíì pa iná wa, àjẹ̀ yín ló fẹ́ pa á!"

"Ṣé o ò rí i pé ó ti ń lọ ni?"

"Ẹ jẹ́ ó máa lọ. Bí ìgbì bá gbé wa, ẹ dúró. Bó bá sọ̀ wá kalẹ̀, ẹ wa díẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́."

Máfimisẹ̀bí ráhùn títí, ṣùgbọ́n ó dẹwọ́. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ bí aboyún tó ń ti ọjà bọ̀. Níhinlọ́lá ń fẹ́ná kó má bàa kú.

Nígbà tí wọ́n máa fi gúnlẹ̀, Ìkúẹ̀sàn ti dé tipẹ́. Ó jókòó sórí yanrìn, ó tutù látorí dẹ́sẹ̀, ó ń fi igi ro eérú tútù nínú ìkòkò rẹ̀. Ẹ̀rín pa Níhinlọ́lá, kò lè mú un mọ́ra. Ó da ẹ̀yinná sílẹ̀, ó kó èèpo àgbọn gbígbẹ lé e, ni èéfín bá rú. Ilẹ̀ di tiwọn! Inú rẹ̀ dùn débi pé ó jó.

Ìkúẹ̀sàn sún mọ́ iná, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ìyàwó wa, jọ̀ọ́, bùn mi níná díẹ̀. Àbí òkun kan náà kọ́ la jọ wà? Báwo ni tiyín ò ṣe kú?"

Níhinlọ́lá bu iná fún un, ó ní kó wá kọ́lé tì wọ́n. Èsì tó wá fún un lọ́jọ́ náà ni àwọn àgbà ń pa lówe títí dòní, pé òkun kì í hó ruru ká wà á ruru.