Èèpo Igi Tó Se Oúnjẹ Àna

Ní abúlé Ìdí-Àràbà, kò sí ẹni tí kò mọ Lákànlé aṣẹ́gità. Baba náà lágbára, ẹ̀rín kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀: ohunkóhun tó bá ti wà nínú ilé rẹ̀, kì í kà á sí. Ti ìta ló máa ń wù ú.

Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, kò jọ ọ́ rárá. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni òun ti ń tọ́jú ilé. Bí baba rẹ̀ bá la igi tán, á ṣa èèpo tó bọ́ sílẹ̀, á sá a títí á fi gbẹ, á sì kó o jọ sí igun ilé ìdáná. Òkìtì náà ga títí ó fi fẹ́ẹ̀ kan àjà.

“Àwẹ̀ró, ṣé èèpo igi lo máa rù lọ sílé ọkọ ni?” Báyìí ni Lákànlé máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọmọ á rẹ́rìn-ín. “Ẹ ṣáà máa wò mí, Bàbá.”

Ní ọdún kan, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà láìdá. Oko kò ṣeé wọ̀, gbogbo igi ìta rin gbingbin, Lákànlé kò rí nǹkan kan tà. Àsìkò yẹn gan-an ni ìránṣẹ́ dé pé àwọn òbí Fọlárìn, ọ̀dọ́mọkùnrin tí Àwẹ̀ró fẹ́ràn, ń bọ̀ lọ́la wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́.

“Yéè! Ìtìjú dé!” ni Lákànlé wí. “Kò sí nǹkan kan nílé yìí. N ó gbé àáké mi fún Láwọyin tó ń sin ewúrẹ́, kó fún mi ní òbúkọ kan.”

Àwẹ̀ró di àáké náà mú. Àáké yẹn ni wọ́n fi ń jẹun.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́! Bí òjò bá dá, ṣé eyín lẹ máa fi gé igi ni? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo inú ilé ná.”

Ó gun àjà, ó já ṣírí àgbàdo èṣí tí èéfín ti sọ di dúdú sílẹ̀. Ó rí ẹ̀wà nínú akèǹgbè lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó rí olú gbígbẹ, irú àti epo díẹ̀.

“Ta ló kó gbogbo èyí síbẹ̀?” ni baba rẹ̀ bi í.

“Ẹ̀yin lẹ gbin àgbàdo yìí o, Bàbá! Àdàlù la máa sè.”

Ó rẹ àgbàdo sómi. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Lákànlé fẹ́ iná títí omi fi ń dà lójú rẹ̀. Èéfín nìkan ló rí. Ẹ bá mi gbọ́: ilé aṣẹ́gità, kò sí igi ìdáná! Ó ti ń nawọ́ sí àáké rẹ̀ láti gbé e lọ fún Láwọyin nígbà tí Àwẹ̀ró kó èèpo igi wá láti igun. Iná ràn yòò. Ó ń ki èèpo bọ̀ ọ́ títí ọjọ́ fi kan àtàrí, àgbàdo rọ̀, ẹ̀wà rọ̀, òórùn irú gba àdúgbò.

Àwọn àlejò dé, òtútù ń mú wọn. Ìyá Fọlárìn kò tilẹ̀ jókòó, ilé ìdáná ló gbà lọ láti yáná.

“Ọmọ mi, ó di ọjọ́ mẹ́ta tí a ti dáná gbẹ̀yìn nílé wa. Níbo lẹ ti rí igi gbígbẹ?”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ẹ kú ọ̀nà, Ìyá. Kì í ṣe igi o, èèpo lásán ni. Èmi ni mo ṣà á jọ.”

Ìyá náà wo òkìtì èèpo, ó sì tún wo ọmọ. Wọ́n jẹ àdàlù náà débi pé Bàbá Fọlárìn bèèrè ìpápá ìdí ìkòkò. Ìgbà náà ni ìyàwó rẹ̀ wá sọ̀rọ̀.

“Bàbá Àwẹ̀ró, ẹni tó lè náání èèpo igi báyìí, ṣé ó máa fi ọmọ mi ṣòfò? A ti rí ìyàwó!”

Inú Lákànlé dùn kọjá àlà. Ó gbé àáké rẹ̀ sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ẹ wò ó, díẹ̀ ló kù kí n fi èyí gba òbúkọ!” Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

Ní ọjọ́ ìgbéyàwó, Lákànlé fúnra rẹ̀ ló di ìdì èèpo kan lé ẹrù ọmọ rẹ̀. Gbogbo ẹni tó rí i lójú ọ̀nà ló ń bèèrè ìdí rẹ̀, òun náà kò sì yé sọ ìtàn ọ̀hún. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ti di òwe lẹ́nu àgbà pé: ohun tí a bá ní là ń náání, ọmọ aṣẹ́gità ń náání èèpo igi.